Àbùlà Ìmọ̀: Bí Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìṣàkóso àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Nínú bùkà àmàlà n'Íbàdàn, ìkòkò ọbẹ̀ mẹ́ta ló sábà máa ń wà níwájú ìyá olóúnjẹ. Gbẹ̀gìrì wà nínú ọ̀kan, ewédú wà nínú èkejì, ọbẹ̀ ata wà nínú ẹ̀kẹta. Inú àwo oníbàárà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pàdé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di àbùlà. Kò sí ìyá olóúnjẹ tó jẹ́ da ẹ̀wà tútù àti ewé ewédú sínú ìkòkò kan náà, kó wá ní àbùlà lòun ń sè. Kálukú ní iye iná tó ń fẹ́, kálukú sì gbọ́dọ̀ jinná láyè tirẹ̀ kí wọ́n tó pàdé.

Àkàwé yìí ni mo máa ń lò tí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tí àwọn yunifásítì òde òní ń pariwo rẹ̀, ìyẹn pé kí ẹ̀ka ìmọ̀ tó yàtọ̀ síra máa ṣe ìwádìí pọ̀, kí wọ́n sì máa kọ́ni pọ̀. Ibi tí ariwo náà ti pọ̀ jù ni ibi tí ẹ̀kọ́ ìṣàkóso okòwò àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti pàdé. Ẹnjiníà mọ bí a ṣe ń ṣe nǹkan. Ẹni tó kọ́ ìṣàkóso mọ ẹni tó máa rà á, iye tó lè san, àti ọ̀nà tí ọjà máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Ó dáa. Báwo ni wọ́n ṣe ń jókòó ọ̀hún gan-an? Ta ló ń sanwó, ta ló ń fúnni ní máàkì, kí sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé? Ohun tí a fẹ́ tú palẹ̀ níbí nìyẹn. Ìlú Munich ní Jámánì la máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí pé wọ́n ti ṣe é pẹ́ níbẹ̀.

Oríṣi ìjókòó mẹ́ta

Nǹkan mẹ́ta wà tó yẹ ká yà sọ́tọ̀, torí pé orúkọ kan náà ni wọ́n sábà máa ń fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èkíní ni kí ẹ̀ka kan yá irinṣẹ́ ẹ̀ka mìíràn lò. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ń lo ìṣirò, ẹnjiníà ń lo físíìsì. Èyí ti pẹ́ láyé, kò sì gba ìpàdé kankan.

Èkejì ni kí ẹ̀ka méjì wo ọ̀rọ̀ kan náà, àmọ́ kí kálukú wò ó láti ojú fèrèsé tirẹ̀. Ká ní iná oòrùn tí wọ́n gbé lọ sí abúlé kan dákẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹnjiníà á lọ yẹ bátìrì wò, á kọ ìwé tirẹ̀. Onímọ̀ ìṣàkóso á lọ bi àwọn ará abúlé léèrè owó tí wọ́n ń dá, á kọ ìwé tirẹ̀. Wọ́n á di ìwé méjèèjì pọ̀, wọ́n á fi páálí tó rẹwà bò ó. Ìkòkò méjì ló wà lórí tábìlì yẹn; àbùlà ò sí ńbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni kí àwọn méjèèjì jọ béèrè ìbéèrè tí ẹnì kan nínú wọn ò lè dá béèrè. Ní abúlé kan náà, wọ́n lè wá rí i pé owó tí wọ́n ń dá lóṣooṣù kì í tó san fún ọmọkùnrin tó ń nu eruku kúrò lójú páńẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí kò rí owó gbà, ó bá iṣẹ́ ọ̀kadà lọ. Eruku bo páńẹ́ẹ̀lì, iná tó ń wọlé dín kù, àwọn ará ilé sì ń fa bátìrì gbẹ lálaalẹ́ títí ó fi kú. Ẹni tó ń wo bátìrì nìkan kò ní rí ọmọkùnrin náà. Ẹni tó ń wo ìwé owó nìkan kò ní rí eruku. Oríṣi kẹta yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ìkòkò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jinná

Technische Universität München, tí wọ́n ń gé kúrú sí TUM, ti wà láti ọdún 1868. Ọba Ludwig Kejì ti Bavaria ló dá a sílẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì ni wọ́n sì ń kọ́ níbẹ̀. Lára àwọn olùkọ́ àkọ́kọ́ ni Carl Linde. Ní ọdún 1870 àti 1871, Linde kọ àpilẹ̀kọ lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè mú nǹkan tutù. Àwọn tó ń pọn bíà ló sáré tẹ́tí sí i. Irú bíà tí wọ́n ń pọn ní Bavaria ń fẹ́ òtútù, yìnyín tí wọ́n bá sì gé pa mọ́ nígbà òtútù ni wọ́n fi ń la ìgbà ooru já. Gabriel Sedlmayr, ọ̀gá ilé bíà Spaten ní Munich, gbà kí Linde wá dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò lọ́dọ̀ òun. Nígbà tó di ọdún 1879, Linde dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ilé-iṣẹ́ gáàsì ńlá kan títí dòní.

Linde ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Rudolf Diesel. Orúkọ rẹ̀ ni dísù tí à ń rà sínú jẹnẹrétọ̀ ń jẹ́. Ẹ̀rọ Diesel yí ayé padà, ṣùgbọ́n nígbà tó di àwátì lórí ọkọ̀ ojú omi ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1913, gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìmọ̀ ẹ̀rọ kò wọ́n olùkọ́, kò wọ́n akẹ́kọ̀ọ́. Níbi owó, oníbàárà àti àdéhùn ni ọ̀nà wọn ti yà.

Ó di ọdún 2002 kí TUM tó dá ẹ̀ka ìṣàkóso ní kíkún sílẹ̀, èyí tó ń jẹ́ TUM School of Management, ní òpópónà Arcisstraße láàárín ìlú. Wọn ò fẹ́ kó dà bíi gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ okòwò yòókù. Wọ́n ní ẹni tó bá máa gba oyè ìṣàkóso lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ fojú winá ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Bó ṣe rí nìyí. Ẹni tó ń kàwé gboyè àkọ́kọ́ lórí ìṣàkóso àti ìmọ̀ ẹ̀rọ máa lo sẹ̀mẹ́sítà mẹ́fà. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìṣàkóso: ìṣirò owó, ètò ọrọ̀ ajé, òfin okòwò, bí a ṣe ń tajà. Bí ìdá kan tó kù jẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí sáyẹ́ǹsì kan tó fúnra rẹ̀ yàn, bí iṣẹ́ ẹ̀rọ, iná mànàmáná, kọ̀ǹpútà tàbí kẹ́míísìrì. Ìyẹn ni pé ọmọ tó yan kẹ́míísìrì máa mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ife yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì lẹ́sẹ̀ kan náà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé owó ilé-iṣẹ́.

Ìdá kan nínú mẹ́ta kò lè sọ ènìyàn di ẹnjiníà, kò sì sẹ́ni tó ṣèlérí bẹ́ẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé nígbà tí ẹnjiníà bá sọ fún ọ̀gá pé "kò ṣeé ṣe", ọ̀gá náà á lè mọ̀ bóyá òfin físíìsì ló kọ̀ ọ́ ni, tàbí owó ni kò tó, tàbí ẹnjiníà ni kò tíì gbìyànjú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀gá tí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ á kàn máa mi orí ni, tàbí kó máa pariwo.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà ńbẹ̀. Ní ọdún 2018, TUM bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣàkóso ní ìlú Heilbronn pẹ̀lú. Àjọ ọlọ́rẹ-àánú tí Dieter Schwarz dá sílẹ̀, ọkùnrin tó ni ilé ìtajà Lidl àti Kaufland, ló gbé owó kalẹ̀ fún àga ọ̀jọ̀gbọ́n 20. Kí nìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì? Nínú yunifásítì, àga ọ̀jọ̀gbọ́n dà bí ilẹ̀ ìdílé. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ń ṣọ́ tirẹ̀. Ẹ sọ fún ẹ̀ka iṣẹ́ ẹ̀rọ pé kó yọ àga kan sílẹ̀ fún ẹni tí ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìṣàkóso, ẹ máa gbọ́ ìtàn. Àmọ́ bí àga tuntun bá dé pẹ̀lú owó tuntun, ìjà yẹn ò ní wáyé.

Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lójú àwo kan

Ìkòkò jinná tán. Níbo ni wọ́n ti ń pàdé?

Láti ọdún 1998 ni TUM àti yunifásítì kejì tó wà ní Munich, tí wọ́n ń pè ní LMU, ti jọ dá ibùdó kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Center for Digital Technology and Management. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi 25 ni wọ́n ń mú ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í fi ẹ̀ka tiwọn sílẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ṣì ń kọ́ kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń kọ́ ìṣàkóso ṣì ń kọ́ ìṣàkóso. Ìwé-ẹ̀rí àlékún ni wọ́n ń gbà níbẹ̀.

Iṣẹ́ ibẹ̀ pín sí mẹ́ta. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀, wọ́n á wo ibi tó ń lọ lọ́jọ́ iwájú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jọ ṣe ohun kan tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn tàbí lò. Ẹ̀kẹta, wọ́n á kọ́ bí a ṣe ń dá òwò sílẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sá pa mọ́ sínú ènìyàn 25. Nínú gbọ̀ngàn tí akẹ́kọ̀ọ́ 400 wà, ẹnjiníà lè jókòó sẹ́yìn kó má bá onímọ̀ ìṣàkóso sọ̀rọ̀ títí yóò fi gboyè jáde. Lórí tábìlì ẹlẹ́ni márùn-ún, tí ọjọ́ ìgbékalẹ̀ sì ku ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó sọ̀rọ̀ lọ. Ibẹ̀ ni àwọn mẹ́rin tó dá ilé-iṣẹ́ Personio sílẹ̀ ní ọdún 2015 ti pàdé. Iṣẹ́ Personio ni pé ó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké àti alábọ́ọ́dé fi ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wọn.

Fáìlì tó ń rìn

Ẹ jẹ́ ká wo ìwádìí kan báyìí nítòsí dáadáa.

Gbogbo ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì rí mọ ìrìn àjò fáìlì. Lórí pátákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, ọ̀nà rẹ̀ gún régé: akọ̀wé gbà á, ọ̀gá fọwọ́ sí i, àkáǹtì sanwó. Lójú ayé, fáìlì ń padà sẹ́yìn, ó ń sùn nínú dúrọ́ọ̀, ó ń dé orí tábìlì tí kò yẹ kó dé. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ mọ ọ̀nà tó gbà, ẹ máa bi àwọn òṣìṣẹ́ léèrè ni, kálukú á sì sọ ohun tó yẹ kó ṣe fún yín, kì í ṣe ohun tó ṣe.

Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà, fáìlì kì í rìn láìfi ipasẹ̀ sílẹ̀. Ipasẹ̀ náà ò ju nǹkan mẹ́ta lọ: nọ́ńbà fáìlì, ohun tí wọ́n ṣe sí i, àti àkókò. Ká ní ẹnì kan ta bébà fún ilé-iṣẹ́ kan, ó sì ń retí owó rẹ̀. Ohun tó máa wà nínú kọ̀ǹpútà lè rí báyìí:

Fáìlì 114: ìwé owó dé, ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀.
Fáìlì 114: ọ̀gá fọwọ́ sí i, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.
Fáìlì 114: wọ́n yí iye owó padà, Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá àárọ̀.
Fáìlì 114: ọ̀gá tún fọwọ́ sí i, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, aago méjì ọ̀sán.
Fáìlì 114: wọ́n sanwó, ọjọ́ Ẹtì, aago kan ọ̀sán.

Ìlà márùn-ún péré. Ẹ wá kó irú ìlà bẹ́ẹ̀ jọ láti ara fáìlì ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, kí ẹ sì ní kí kọ̀ǹpútà ya ọ̀nà tí gbogbo wọn gbà sórí àwòrán kan. Ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá iṣẹ́ yìí ni Wil van der Aalst, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlú Eindhoven ní ìparí àwọn ọdún 1990. Àwòrán tó ń jáde kì í jọ èyí tó wà lára ògiri rárá. Ó máa ń dà bí òwú tí ọmọ ológbò ti fi ṣeré.

Ibi tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà bá a dé nìyẹn. Ó rí i pé fáìlì 114 dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì, ó lè sọ pé ọ̀sẹ̀ kan ṣòfò níbẹ̀, kí a gé e kúrò. Onímọ̀ ìṣàkóso á ní kó dúró ná. Kí nìdí tí wọ́n fi yí iye owó padà lẹ́yìn tí ọ̀gá ti fọwọ́ sí i? Ta ló yí i? Bóyá àṣìṣe lásán ni. Ó sì lè jẹ́ pé pípadà sọ́dọ̀ ọ̀gá yẹn gan-an ni ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ń dá olè dúró nínú ilé-iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá yọ ọ́ nítorí kí iṣẹ́ lè yá, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún olè. Kọ̀ǹpútà rí ìyípo, kò rí ìbẹ̀rù. Ẹni tó mọ ìbẹ̀rù náà ò sì lè dá ka ipasẹ̀ fáìlì ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún.

Ní Munich, akẹ́kọ̀ọ́ TUM mẹ́ta kan ṣiṣẹ́ olùdámọ̀ràn fún ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n gbogbogbòò ti Bavaria. Alexander Rinke ka ìṣirò, Martin Klenk ka kọ̀ǹpútà, Bastian Nominacher ka ètò ìnáwó pọ̀ mọ́ ìṣàkóso ìwífún. Ìṣòro tí wọ́n gbé fún wọn ni pé àròyé àwọn òṣìṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ ń pẹ́ jù kí wọ́n tó yanjú rẹ̀. Wọ́n lo ọ̀nà ipasẹ̀ yìí. Ní ọdún 2011, wọ́n sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ Celonis, tó wá di ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tó lókìkí jù ní Jámánì. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn ò kọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ kan náà. Kálukú gbé ọbẹ̀ tirẹ̀ wá.

Nígbà tí ìbéèrè fúnra rẹ̀ yí padà

Nígbà míì, àǹfààní ìpàdé yìí kì í wá láti ara ìdáhùn, ìbéèrè ló ń yí padà. Fún èyí, ẹ jẹ́ ká kọjá lọ sí Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Kọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣàkóso, ti ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ti àwọn ẹ̀ka mìíràn jọ ń ṣe, tí ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣàkóso James Patell sì jẹ́ òpó rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ inú rẹ̀ ni kí wọ́n ṣe ohun tí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jọjọ lè rà.

Ní ọdún 2007, wọ́n gbé iṣẹ́ kan fún ẹgbẹ́ kan níbẹ̀: ẹ ṣe inkubétọ̀ tí kò wọ́n, ìyẹn àpótí tó ń mú ara ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru. Èyí tó wà ní ilé ìwòsàn lè tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún dọ́là. Lójú ẹnjiníà, iṣẹ́ yìí yé e: wá ohun tó wọ́n jù nínú àpótí náà, kí o fi ohun tó rọ̀ jù rọ́pò rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Linus Liang, lọ sí Nepal. Ó dé ilé ìwòsàn, ó bá inkubétọ̀ tí àwọn ọlọ́rẹ-àánú kó wá, ọmọ ò sí nínú èyí tó pọ̀ nínú wọn. Inú abúlé ni àwọn ìyá ń bímọ sí, ọ̀nà sì jìn. Ọmọ ti tutù kó tó dé ìlú.

Bí wọ́n bá ti ṣe àpótí tó rọ̀ lówó, ṣe ni wọn ì bá kàn fi kún iye àpótí tó ṣófo. Ìbéèrè wá di: kí ló lè mú ọmọ móoru nínú abúlé tí kò ní iná? Ohun tí wọ́n ṣe dà bí àpò kékeré tí wọ́n fi ń wé ọmọ. Ohun kan bí ìda wà nínú rẹ̀ tí wọ́n á yọ́. Bó ṣe ń dì padà, ó ń tú ooru jáde ní ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn ooru ara ènìyàn, fún wákàtí mélòó kan. Wọ́n pè é ní Embrace.

Wọ́n wá gbé e lọ sí Íńdíà. Nọ́ńbà ló wà lára àpò náà láti fi ìwọ̀n ooru hàn. Ìyá kan lábúlé sọ fún wọn pé oògùn òyìnbó máa ń lágbára jù, ìdí nìyẹn tí òun fi máa ń dín in kù bí dókítà bá ní kí òun fún ọmọ. Tí wọ́n bá ní kó gbóná dé 37, òun á fi í sí 30, kó má baà pa ọmọ lára. Ẹ̀rọ tó ń wọn ooru náà péye, àmọ́ ìpéye yẹn ì bá pa ọmọ. Wọ́n yọ nọ́ńbà kúrò, wọ́n fi àmì tó kàn ń sọ pé "ó dáa" tàbí "kò dáa" rọ́pò rẹ̀. Kí ni kí a pe àtúnṣe yẹn, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni àbí ìmọ̀ oníbàárà? Kò sí ẹni tó lè là á sí méjì.

Láti inú kọ́ọ̀sì kan náà ni àtùpà oòrùn d.light, tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà náà, ti jáde. Sam Goldman, ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ti gbé ní abúlé kan ní Orílẹ̀-èdè Benin tó múlé tì wá, níbi tí àtùpà kẹrosíìnì ti jó ọmọ aládùúgbò rẹ̀ lára gidigidi. Ó gbé ìrírí yẹn wọ kíláàsì. Níbẹ̀ ló ti pàdé Ned Tozun àti àwọn ẹnjiníà tí wọ́n jọ ṣe é.

Ibi tó ti ń le

Bó bá dùn tó báyìí, kí ló dé tí kì í ṣe gbogbo yunifásítì ló ń ṣe é?

Èdè ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ẹ sọ "mọ́dẹ́lì" nínú yàrá kan. Lójú ẹnjiníà, ìṣirò tàbí ère kékeré ohun tó fẹ́ kọ́ ni. Lójú onímọ̀ ìṣàkóso, ọ̀nà tí òwò gbà ń pawó ni. Wọ́n lè fi wákàtí kan gbóríyìn fún ara wọn láìjẹ́ pé wọ́n ń sọ ohun kan náà. Ẹgbẹ́ tó gbọ́n máa ń kọ́kọ́ lo ọjọ́ díẹ̀ láti sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ fún ara wọn, bó tilẹ̀ dà bí ìfàkókòṣòfò.

Ìgbéga ni ìkejì, òun ló sì le jù. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà máa ń gbé iṣẹ́ wọn jáde níbi ìpàdé ńlá, kó sì jáde láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣàkóso ń gbé tiwọn lọ sí jọ́nà, ó sì lè gba ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí ọ̀dọ́ olùkọ́ kan bá bá ẹ̀ka méjèèjì ṣiṣẹ́, ìgbìmọ̀ tó ń gbéni ga nínú ẹ̀ka kan á wo ìwé rẹ̀, wọ́n á ní, "Iṣẹ́ yìí dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa." Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń sọ pé àwọn á dúró di ìgbà tí àwọn bá di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yọrí gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú òfin ìgbéga rẹ̀ pé iṣẹ́ tí ẹ̀ka méjì jọ ṣe ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Ìkẹta ni ìbẹ̀rù pé akẹ́kọ̀ọ́ á mọ gbogbo nǹkan díẹ̀díẹ̀, kò sì ní mọ ọ̀kan délẹ̀. Ìbẹ̀rù yìí tọ́. Àwọn àgbà ní ọlọ́gbọ́n kan kò ta kókó omi sétí aṣọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ọgbọ́n kan kò tó. Ṣùgbọ́n àìgbọ́n méjì tí wọ́n jókòó pọ̀ kò di ọgbọ́n kan. Ẹ̀wà tí kò jinná kò ní tìtorí pé ó pàdé ewédú nínú àwo kó wá rọ̀. Ibùdó tó wà ní Munich ò gba ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀ka tirẹ̀ lọ́wọ́ ló ń gbà.

Nílé ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí wa. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, FUTA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1981, ti dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣàkóso ìmọ̀ ẹ̀rọ tirẹ̀ sílẹ̀ rí, níbi tí wọ́n ti kọ́ni nípa ìṣàkóso iṣẹ́ àkànṣe, ìṣàkóso ìrìnnà, àti bí a ṣe ń dá òwò sílẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, NACETEM, ibùdó ìjọba àpapọ̀ fún ìṣàkóso ìmọ̀ ẹ̀rọ, wà lórí ilẹ̀ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àyè sì tún ti ṣí sílẹ̀ sí i: nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, gbé jáde, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni NUC kọ sílẹ̀ fún gbogbo yunifásítì, wọ́n fi ìdá 30 sílẹ̀ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi ohun tó bá àdúgbò rẹ̀ mu dí i. Inú ìdá 30 yẹn ni a lè gbé tábìlì ẹlẹ́ni márùn-ún sí.

Kí ló yẹ kó wà lórí tábìlì náà? Ẹ̀gẹ́ wà nítòsí. Ìṣòro tó ti pẹ́ ní ibùdó gàrí ni bíbó ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rọ tó ń rin ín wà káàkiri, ẹ̀rọ tó ń fún un wà, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ni ọ̀pọ̀ ṣì fi ń bó o. Ẹnjiníà á sọ ìdí rẹ̀ fún yín: ẹ̀gẹ́ kan gùn, èkejì wọ́, ẹ̀kẹta yọ kókó, abẹ ẹ̀rọ a sì máa bó ara ẹ̀gẹ́ mọ́ èèpo. Onímọ̀ ìṣàkóso á ka iye obìnrin tó jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ náà ká, á bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń gbà lórí apẹ̀rẹ̀ kan. Onímọ̀ ẹran ọ̀sìn á tọ́ka sí èèpo nílẹ̀. Ní IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, wọ́n ti fi hàn pé èèpo tí wọ́n bá ṣe dáadáa ń di oúnjẹ ẹran tó níye lórí.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ òótọ́. Ẹ wá gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún láti ẹ̀ka mẹ́ta lọ jókòó lórí àpótí ní ibùdó náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n mú ọ̀bẹ, kí wọ́n bá wọn bó o. Máàkì wọn kò gbọdọ̀ wá láti ọwọ́ olùkọ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tíì ní ẹ̀rọ kankan lọ́kàn. Àmọ́ ọ̀kan nínú wọn á ti rí ìyá kan tó ń ṣa èèpo sínú àpò lọ fún ewúrẹ́ rẹ̀, á sì béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé ẹ̀ka kankan: bí ẹ̀rọ bá dé, ta ló máa ni èèpo?